Awọ inú ilé ọmọ tó nípọn jù: bí wọ́n ṣe ń fi họ́mọ̀nù tọ́jú rẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ

Bí èsì báyọ́sì, ìyẹn ẹran ara inú ilé ọmọ tí wọ́n gé yẹ̀ wò, bá ti lábù dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lọ bá: hyperplasia. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹjẹrẹ ni wọ́n á kà bọ̀, oúnjẹ kò sì ní lọ lẹ́nu wọn mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ló yẹ kí wọ́n wò. Bí wọ́n bá kọ "without atypia", awọ inú ilé ọmọ ló hù ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ojú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tíì yí padà. Bí wọ́n bá kọ "with atypia", "atypical" tàbí lẹ́tà mẹ́ta EIN, ojú sẹ́ẹ̀lì ti ń yí, ọ̀rọ̀ sì ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ní 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ìpín méjì yìí rọ́pò ìpín mẹ́rin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn lábù kan ò tíì jáwọ́ nínú ti àtijọ́, wọ́n ṣì ń kọ "simple" àti "complex". Bí wọ́n bá kọ "complex" tí wọn ò mẹ́nu kan atypia rárá, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn kankan. Ẹ ní kí dókítà pe lábù, kí wọ́n sọ ọ́ síbì kan, torí ìtọ́jú méjèèjì kò bára mu.

Nínú 100 obìnrin tí wọn ò ní atypia, àwọn tí yóò di jẹjẹrẹ fún láàárín 20 ọdún kò tó 5. Ti àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ti atypia le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, wọ́n yọ ilé ọmọ àwọn obìnrin tí báyọ́sì sọ pé atypia ni wọ́n ní, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: nǹkan bí 43 nínú 100 wọn ni jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí báyọ́sì ò rí i. Ìdí nìyẹn tí dókítà kan fi lè fún ẹnì kan ní oògùn kó sì sọ fún ẹnì kejì pé àfi iṣẹ́ abẹ, tí kò sì sí ojúsàájú níbẹ̀.

Ibi tí ó ti wá

Oṣooṣù ni awọ yìí máa ń hù, tí ó sì máa ń ṣí dànù. Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní estrogen ló ń mú un hù. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ojú ibi tí ẹyin ti kúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ̀nù kejì, progesterone, jáde. Òun ló ń sọ fún awọ náà pé ó tó gẹ́ẹ́, kó dẹ́kun híhù. Bí progesterone bá wálẹ̀, awọ á ṣí, nǹkan oṣù á dé. Ṣùgbọ́n lóṣù tí ẹyin ò bá jáde, progesterone ò ní sí. Estrogen nìkan ni yóò máa bomi rin ín, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a dúró.

Ohun tó ń fa irú èyí kò pọ̀, ó sì yẹ kí dókítà wá a kàn. PCOS wà níbẹ̀, níbi tí ẹyin kì í ti í jáde déédéé. Ọdún mélòó kan kí nǹkan oṣù tó lọ pátápátá náà wà níbẹ̀. Ọ̀rá ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀rá máa ń yí họ́mọ̀nù mìíràn padà sí estrogen, kódà lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ láti ọdún pípẹ́, nítorí náà bí ara bá ṣe ń tóbi tó ni estrogen ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn: estrogen tí wọ́n fún obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà láìfi progesterone kún un, àti tamoxifen tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ má ṣe dá tamoxifen dúró fúnra yín o. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó kọ ọ́ àti dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin bá ara wọn sọ ọ́. Kókó inú ilé ẹyin tó ń tú estrogen jáde kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n síkáànù yẹ kó wo ilé ẹyin náà.

Dókítà tó bá fún yín ní oògùn tí kò bi yín léèrè nípa èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ń jò ni.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí a máa ń gbọ́ púpọ̀: "Wọ́n ti fọ ilé ọmọ mi." Fífọ náà, tí wọ́n ń fi irin ha inú ilé ọmọ, ni àwọn dókítà ń pè ní D&C. D&C wúlò láti gé ẹran ara yẹ̀ wò, ó sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Kò wo àìsàn yìí sàn. Gbòǹgbò awọ náà ṣì wà níbẹ̀, estrogen ṣì ń bomi rin ín, yóò tún hù. Àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ kò mú progesterone wá, ó kàn ń jẹ oṣù mọ́ ẹni lọ́wọ́ ni.

Rọ́bà onírìísí T

Ní February 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RCOG, gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi ṣáájú fún ẹni tí kò ní atypia ni rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ní mílígíráàmù 52 levonorgestrel nínú, họ́mọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ bíi progesterone. Mirena ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nǹkan bí máíkírógíráàmù 20 ló ń tú jáde lóòjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó kéré, àmọ́ orí awọ náà gan-an ló ń bọ́ sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fi rọ́bà yìí wé hóró oògùn lára àwọn tó ní èyí tí wọ́n ń pè ní complex láìsí atypia: awọ padà bọ̀ sípò fún 92 nínú 100 tó lo rọ́bà, fún 66 nínú 100 tó lo hóró. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ara ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀: ẹni tó ní rọ́bà nínú ò lè gbàgbé láti lò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìfètòsọ́mọbíbí nílé wa, bàbà ló máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní loop. Ti bàbà kò ní họ́mọ̀nù kankan, kò wúlò fún àìsàn yìí, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tún pọ̀ sí i. Àwọn rọ́bà họ́mọ̀nù kéékèèké tún wà, oní mílígíráàmù 13.5 àti 19.5, ti ìfètòsọ́mọbíbí nìyẹn, wọ́n kéré fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí rẹ̀ hàn yín kí wọ́n tó já a: levonorgestrel, 52. Levonorgestrel kan náà ló wà nínú Postinor, àmọ́ ẹni tó bá rò pé òun lè máa fi Postinor dípò rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìbálòpọ̀ nìyẹn, wọn kì í fi tọ́jú awọ ilé ọmọ.

Kí wọ́n tó fi í sí i, wọn á rí i dájú pé kò sí oyún, wọn á sì kọ́kọ́ tọ́jú àrùn tó bá wà lójú ara. Wọn á fi irin tín-ín-rín wọn jíjìn ilé ọmọ. Bí fibroid bá ti tẹ inú ilé ọmọ wọ́, rọ́bà lè má jókòó dáadáa, ó sì lè já bọ́. A jẹ́ pé hóró ni. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí tó ti ní i rí kò gbọdọ̀ dá a lò láìjẹ́ pé dókítà jẹjẹrẹ rẹ̀ mọ̀ sí i.

Oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́ ló máa ń lé ènìyàn sá. Ẹ̀jẹ̀ á máa kán tọ́tọ́ọ̀tọ́ lójoojúmọ́, páàdì ò ní kúrò lábẹ́, ẹni tó wá nítorí ẹ̀jẹ̀ á sì ní kí wọ́n yọ ọ́ fún òun. Ẹ má tíì yọ ọ́. Awọ tó nípọn ló ń tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ìgbà náà ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn á dín kù gidigidi, nǹkan oṣù ti àwọn mìíràn á tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ń kó jọ sínú. Kò sí awọ tí yóò ṣí ni.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni kí rọ́bà ti já bọ́ kí ẹ má mọ̀. Nǹkan bí 1 nínú 20 ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ dídì jáde sínú páàdì tàbí ihò ṣáláńgá. Okùn méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ fọ ọwọ́, ẹ lósòó, ẹ ti ìka bọ ojú ara títí yóò fi kan ẹnu ilé ọmọ, tó le díẹ̀ bí orí imú. Okùn náà yẹ kó kan ìka bí okùn ìpẹja. Bí ẹ ò bá rí okùn, tàbí tí ohun líle bíi ike bá kan ìka, ẹ lọ ṣe síkáànù. Bí síkáànù ò bá rí i, kí wọ́n fi X-ray wo ikùn kí wọ́n tó sọ pé ó ti já bọ́.

Hóró oògùn, àti ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ rọ́bà tàbí tí rọ́bà ò bá a mu, ìlànà 2016 yẹn sọ oògùn méjì tó ń ṣiṣẹ́ bíi progesterone: medroxyprogesterone mílígíráàmù 10 sí 20 lóòjọ́, tàbí norethisterone mílígíráàmù 10 sí 15 lóòjọ́. Ojoojúmọ́, láìsí ìsinmi, fún oṣù 6 ó kéré tán. Ìlànà náà kọ lílò ó fún ọjọ́ mélòó kan lóṣù kí ènìyàn tún dáwọ́ dúró. Kì í ṣiṣẹ́ tó.

Norethisterone ni ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Primolut N, hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 5. Ibí gan-an ni nǹkan ti ń dojú rú. Ní kẹ́místì, bí obìnrin bá ní ẹ̀jẹ̀ ń ya òun, wọ́n á ní kó lo hóró kan lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 10. Ẹ̀jẹ̀ á dá. Á dáwọ́ oògùn dúró, lẹ́yìn ọjọ́ bíi 2 sí 4 ẹ̀jẹ̀ á tún tú wálẹ̀, á sì tún lọ ra káàdì mìíràn. Ó lè máa yí bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, kó rò pé òun ń gba ìtọ́jú. Ìwọ̀n yẹn tó láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 ò lè tún awọ ṣe. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: hóró 3 lóòjọ́ fún oṣù 6 jẹ́ nǹkan bí 540 hóró. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká a kó tètè sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí rọ́bà kan lè náni lówó dín sí i níkẹyìn.

Bí ẹ bá gbàgbé hóró kan, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí, ẹ má di méjì pọ̀. Fífo ọjọ́ 2 tàbí 3 lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí dókítà má baà rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi oògùn yìí ṣe ìfètòsọ́mọbíbí.

Megestrol, oògùn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi progesterone, ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún atypia, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ni mílígíráàmù 160 lóòjọ́, 80 láàárọ̀, 80 lálẹ́. Oògùn yìí máa ń fa ebi. Àwọn dókítà a tilẹ̀ máa fún àwọn aláìsàn tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn kí wọ́n lè jẹun. Ẹ ò rí i pé ó ta ko ara rẹ̀: ara tó tóbi wà lára ohun tó fa àìsàn, oògùn rẹ̀ sì tún ń mú ara tóbi. Ó tún lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà kí alátọ̀gbẹ máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra. Ní ti abẹ́rẹ́ medroxyprogesterone olóṣù 3, mílígíráàmù 150, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun tí wọ́n lè lò. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá ti wọ ara, kò ṣe é yọ.

Gbogbo wọn lè mú ọmú máa dunni, kí inú wú, kí ara máa kanni. Èyí tó lágbára ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan: ara máa ń sọ díẹ̀ nínú norethisterone di estrogen, nítorí náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí kó sọ fún dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dunni, tàbí èémí kúrú lójijì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, efavirenz fún HIV, tàbí carbamazepine àti phenytoin fún wárápá, hóró ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa fún un, torí oògùn wọ̀nyí ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé họ́mọ̀nù jáde. Rọ́bà ló dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Báyọ́sì ló ń sọ bóyá ó ti sàn

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá awọ ti padà sípò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá lọ. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gé ẹran ara yẹ̀ wò. Lẹ́yìn oṣù 6 mìíràn, wọ́n tún gé e. Àfi kí méjì tẹ̀ léra wọn mọ́ kí dókítà tó lè ní kí ẹ máa lọ. Ẹni tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ara tí wọ́n fi gíga ẹni ṣírò, bá tó 35, tàbí tó jẹ́ hóró ló lò, kó máa ṣe é lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, torí àwọn ni ó sábà ń padà sí lára.

Ohun tí wọ́n fi ń gé e jẹ́ ike gbọọrọ tí kò nípọn ju ìfun báírò lọ, ihò kan wà nítòsí orí rẹ̀, ọ̀pá sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ti í gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n á fa ọ̀pá náà sẹ́yìn kó lè fa ẹran mọ́ra, wọ́n á máa yí i bí wọ́n ṣe ń tì í tí wọ́n ń fà á. Ó ń dunni bí inú rírun nǹkan oṣù tó le, kò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Ibuprofen ní wákàtí kan ṣáájú á ràn yín lọ́wọ́, bí ẹ ò bá ní ọgbẹ́ inú. Bí rọ́bà bá wà nínú, kò pọn dandan kí wọ́n yọ ọ́. Ike náà lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ wo ìgò kí wọ́n tó gbé e lọ. Formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ìdá 10 nínú 100, ló gbọdọ̀ wà níbẹ̀, tí yóò bo ẹran náà mọ́lẹ̀, ní nǹkan bí ìlọ́po 10 rẹ̀. Ẹran tí wọ́n sọ sínú omi lásán tàbí omi iyọ̀ ti ń jẹrà kó tó dé lábù, pàápàá bó bá jẹ́ ẹbí aláìsàn ló ń fi dáńfó gbé e lọ. Fọ́ọ̀mù ṣe pàtàkì bákan náà: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, àti nọ́ńbà èsì àkọ́kọ́. Progesterone máa ń yí ojú sẹ́ẹ̀lì padà. Dókítà lábù tí kò mọ̀ pé oògùn wà lára yín lè ṣi èsì kà.

"Insufficient" kì í ṣe "ó ti mọ́". Ẹran ò tó ni wọ́n ń sọ. Awọ tó ti tín-ín-rín lè fà á, ó sì lè jẹ́ pé ike náà ò dé ibi tó yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń wá, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú. Kókó kékeré lè wà níbẹ̀ tí ike kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Síkáànù nìkan ò sì lè rọ́pò báyọ́sì, pàápàá fún àwa aláwọ̀ dúdú tí fibroid wọ́pọ̀ lára wa. Ìwádìí tí Kemi Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024 fi hàn pé bí wọ́n bá fi nínípọn awọ lórí síkáànù nìkan pinnu, wọn ò ní rí jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó wà lára àwọn obìnrin dúdú kan. Bí awọ bá tín-ín-rín lórí síkáànù tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, ẹ ní kí wọ́n gé e.

Bí oṣù 12 bá pé tí kò padà sípò, tí atypia bá yọjú, tàbí tí ó tún padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò dábàá.

Bí ó bá jẹ́ atypia

Yíyọ ilé ọmọ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Oògùn wà fún ẹni tó ṣì ń wá ọmọ, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún oògùn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà àti síkáànù tàbí MRI wá jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti ti ilé ẹyin tì. Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣáájú, hóró tẹ̀ lé e. Oṣù 3-3 ni báyọ́sì, títí méjì yóò fi tẹ̀ léra tí yóò mọ́, lẹ́yìn náà oṣù 6 sí 12.

Àkójọpọ̀ ìwádìí 2012 kan lórí àwọn tó fẹ́ dá ilé ọmọ wọn sí sọ ọ́ báyìí: awọ padà bọ̀ sípò fún nǹkan bí 86 nínú 100, ó tún padà wá fún nǹkan bí 26 nínú 100, àwọn tó sì bímọ tó nǹkan bí 26 nínú 100. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn yẹn ni kí tọkọtaya jókòó kà pa pọ̀. Àyè ọmọ ni oògùn ń rà, àyè náà kò sì gùn. Bí báyọ́sì kan bá ti mọ́, kí wọ́n yọ rọ́bà, kí wọ́n sì lọ bá dókítà tó ń rannilọ́wọ́ bímọ lọ́sẹ̀ náà. Kí wọ́n má ṣe ní kí ẹ lọ máa gbìyànjú fún ọdún kan ná. Oṣù tí ẹyin ò bá jáde ni estrogen tún ń dá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bímọ tán, wọn á tún bá yín sọ̀rọ̀ yíyọ ilé ọmọ, torí ó ṣì lè padà wá.

Ẹni tí ara rẹ̀ tóbi, fífọn án wà lára ìtọ́jú, kì í ṣe èébú. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí àwọn kan ń fi kún un, kò fi àǹfààní tó dájú hàn nínú ìwádìí feMMe tí wọ́n ṣe ní Australia, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021.

Ẹni tí kò ní atypia, tí báyọ́sì méjì rẹ̀ ti mọ́, tí rọ́bà ò sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìlànà 2016 gbà á níyànjú kó fi í sílẹ̀ títí di ọdún 5. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i sẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dá fún oṣù mélòó kan, báyọ́sì ni, kì í ṣe káàdì Primolut.